Níbo Ni A Kan Èèkàn Sí?

  

Àṣìṣe ọwọ́ ara wa ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa la jìn sí kòtò, ẹ̀yin ni ará yòókù. Bí ẹ bá ti ń rẹ́rìn-ín wa, ẹ máa mú ọgbọ́n ibẹ̀ lọ.

Ní oṣù Ògọ́sì ọdún 2009, nígbà tí Ràmàdáànì ọdún 1430 lẹ́yìn Hijira ku ọjọ́ díẹ̀, ẹgbẹ́ wa ní Èkó fi iṣẹ́ kan lé àwa ọ̀dọ́ mẹ́rin lọ́wọ́. Wọ́n ní kí a to àkókò ìrun àti ti ààwẹ̀ sí ojú bébà kan ṣoṣo, kí a tẹ̀ ẹ́, kí a sì pín in fún àwọn ará mọ́sálásí wa. Irú ìwé tí olúkúlùkù ń lẹ̀ mọ́ ògiri ni, tí ènìyàn ń wò lóru pẹ̀lú ojú oorun kó tó bu òkèlè sààrì. Ẹni tó bá ń wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í bá a jiyàn. Ohun tí ó bá rí níbẹ̀ ni yóò ṣe.

A mọ̀ pé ẹrù ńlá ni, nítorí náà a ka iye aago inú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹnì kan ń kà á sókè, ẹnì kejì ń fi pẹ́ńsù tẹ̀lé e. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò ṣì. A gbé e lọ sí Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí ní Èkó, a tẹ 300 ẹ̀dà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kẹ́yìn kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

A ti pín tó 60 nígbà tí Ìyá Àdínì wa ránṣẹ́ pè wá láti ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin. Ìwé náà wà lọ́wọ́ wọn, awò ojú wọn sì ti sọ̀ dé imú.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé òfin tuntun ti dé ni? Ìwé yín ní kí a máa jẹ sààrì títí di aago méje ku ogún ìṣẹ́jú."

A rẹ́rìn-ín. A ní, "Rárá o, Ìyá wa. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni. Bóyá ẹ ò wò ó dáadáa ni."

Wọ́n ní, "Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ wá bá mi wò ó."

Wọ́n fi ìka lé ibi tí àkọlé "Òpin Sààrì àti Àsùbáà" parí sí. Dídagun ni a dagun àkọlé náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní apá òsì, ó sì gòkè lọ sí apá ọ̀tún. Láti ibi tí ó parí sí yẹn, wọ́n fa ìka sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Ìka wọn bọ́ sórí 6:41. Ìyẹn ni àkókò tí oòrùn ń yọ! 5:29 tí ó yẹ kí wọ́n rí wà nínú òpó tó wà ní apá òsì rẹ̀.

Wọ́n tún béèrè pé, "Ṣé kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ bá parí sí ni a ti ń sọ̀ kalẹ̀?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wa. Ọ̀kan nínú wa gba ìwé náà, ó ní kí òun gbìyànjú rẹ̀ láti ìdí àkọlé dípò orí rẹ̀. Ó fi ìka lé ìbẹ̀rẹ̀ "Ìṣínu àti Mọ̀gàríbì", ó fà á sọ̀ kalẹ̀. Ìka rẹ̀ bọ́ sórí 4:01, àkókò Àlàásárì. Àyà wa já. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé àkọlé láti orí yóò máa jẹun nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Ẹni tó bá sì ń tẹ̀lé e láti ìdí yóò ṣínu nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, ó kù tó wákàtí mẹ́ta kí ó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́hun ti fi yé wa nínú súrà Bákárà pé ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ bá yàtọ̀ sí òkùnkùn òru ni jíjẹ àti mímu dópin, àti pé di alẹ́ ni a gbọ́dọ̀ gba ààwẹ̀ dé.

Gbogbo nọ́ńbà wa pé, síbẹ̀ ìwé wa ń purọ́.

BÍ A ṢE DÉ IBẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Bébà A4 ni a lò. Ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21, ó sì gùn ní 29.7. Bí a bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì méjì sílẹ̀ ní etí ọ̀tún àti òsì, 17 ló kù. Òpó mẹ́jọ ni a fẹ́ tò síbẹ̀: ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ọjọ́ oṣù, òpin sààrì, ìyọ oòrùn, Àìlà, Àlàásárì, ìṣínu àti Àìṣáì. Òpó kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì àti díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àkọlé tó gùn jù níbẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Wọn kò lè dùbúlẹ̀ sórí òpó wọn. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí a yí wọn lọ.

LaTeX ni a fi ń to ìwé. Ọ̀kan nínú wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ló kọ́ ọ wá, tó sì kọ́ àwa yòókù. Orí TeX ni wọ́n kọ́ LaTeX lé. Donald Knuth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe TeX ní 1977, nígbà tí inú rẹ̀ kò dùn sí bí wọ́n ṣe tẹ ìwé ìṣirò rẹ̀. Leslie Lamport ló wá kọ LaTeX lé e lórí ní àwọn ọdún 1980.

Ohun kan wà tí ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ mọ̀. TeX kò mọ yíǹkì, kò sì mọ ìrísí lẹ́tà. Àpótí nìkan ló mọ̀. Lójú rẹ̀, lẹ́tà jẹ́ àpótí, ọ̀rọ̀ jẹ́ àpótí, ìlà jẹ́ àpótí, ojú ìwé náà jẹ́ àpótí. Ohun mẹ́ta ló ń béèrè lọ́wọ́ àpótí kọ̀ọ̀kan: báwo ló ṣe fẹ̀ tó, báwo ló ṣe ga tó lókè ìlà tí lẹ́tà jókòó lé, báwo ló sì ṣe jìn tó nísàlẹ̀ ìlà náà. Nígbà tí ó bá ti mọ mẹ́ta yìí, ó máa ń to àpótí ti àpótí bí ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dagun àwọn àkọlé ní dígírì 45, àpótí wọn dàgbà. Àkọlé tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 4, tó sì ga ní 0.4, bí a bá dagun rẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò gba àyè tó fẹ̀ ní 3.1, tó sì ga ní 3.1. A ti fún gbogbo àkọlé ní àpótí tó dọ́gba kí wọ́n lè rẹwà. Mẹ́jọ nínú 3.1 jẹ́ 24.8. Bébà wa kò sì ju 21 lọ. Àtẹ náà yọ kúrò létí bébà, Àìṣáì sì pòórá.

Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan náà, a ya òbírí kékeré kan pẹ̀lú ọfà láti fi ojú kíbúlà han àwọn ènìyàn. Láti Èkó, bí ènìyàn bá kọjú sí àríwá, yóò yí sí apá ìlà oòrùn ní nǹkan bí dígírì 63 kí ó tó kọjú sí Mọ́kà. A ya ọfà náà kí ó nàró, a wá yí i. Ó fò jáde kúrò nínú òbírí! A wádìí, a sì rí i pé ìdí rẹ̀ ló dúró tí orí rẹ̀ ń yí. Ọ̀rẹ́ wa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló wá rí àfikún tí a lè kọ sínú àṣẹ náà, ìyẹn origin=c, tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó fi àárín gbùngbùn nǹkan náà ṣe ibi tí yóò ti yí. A kọ ọ́ síbẹ̀. Ọfà náà yí sójú kan bí òkòtó, kò kúrò nínú òbírí rẹ̀ rárá.

Inú wa dùn jù. A rò pé a ti rí oògùn gbogbo àrùn. A gbé àṣẹ ọfà náà, a fi sí orí gbogbo àkọlé, a sì tún purọ́ fún TeX pé fífẹ̀ àkọlé kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo, kí ó má baà fi wọ́n fẹ àtẹ mọ́. Àtẹ náà padà sí sẹ̀ǹtímítà 17. Ó wọlé sínú bébà wẹ́kú. Lójú kọ̀ǹpútà, ó rẹwà bí àlàárì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ṣe. A fi àárín àkọlé kan àárín òpó. Bí àárín bá dúró sí àárín, tí àkọlé sì dagun, ìdí rẹ̀ yóò wọ inú òpó tó wà lósì, orí rẹ̀ yóò sì wọ inú òpó tó wà lọ́tùn-ún. Àwọn àkọlé kúkúrú kò yà púpọ̀. Àwọn méjì tó gùn jù ló yà kọjá ààlà, àwọn méjì náà sì ni òpin sààrì àti ìṣínu. Àwa kò rí i, nítorí a ti mọ ohun tí a ní lọ́kàn. Àwa kò nílò àkọlé láti mọ òpó tó jẹ́ ti ìṣínu. Ẹni tó mọ ọ̀nà kì í ka pátákó.

ALẸ́ ỌJỌ́ NÁÀ

A lọ bá Lèmọ́mù wa kí a tó lọ bá ẹnikẹ́ni. Wọn kò bá wa jà. Wọ́n ní, "Ẹ lọ kó wọn padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá dé ilé tí wọ́n ti sùn, ẹ kan ilẹ̀kùn."

A pín ara wa sí ọ̀nà méjì. Láti ìdájí alẹ́ títí di nǹkan bí aago kan òru ni a ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn kan rò pé a wá sọ pé wọn kò rí òṣù ni. Àwọn kan ní ìwé náà kò ní àléébù lójú àwọn. Bàbá kan tiẹ̀ ní kí a fi ti òun sílẹ̀ nítorí ó dùn ún wò lára ògiri, a sì fi pẹ́ńsù fa ìlà láti ara àkọlé kọ̀ọ̀kan dé òpó rẹ̀ fún wọn. A gba 54 padà nínú 60. Yàtọ̀ sí ti bàbá yẹn, a kò mọ ẹni tó mú àwọn yòókù.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀, a wà ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Àlàásárì nígbà tí arábìnrin kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ààwẹ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gbìyànjú láti gbà dé alẹ́ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó ti fara da òùngbẹ láti òwúrọ̀, ó ti kọ omi tí àbúrò rẹ̀ fi lọ̀ ọ́. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó lọ síbi tí ìwé wà lára ògiri, ó fi ìka tẹ̀lé "Ìṣínu" láti ìdí rẹ̀, ó sọ "Bisimillāhi", ó sì mu omi. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ pariwo mọ́ ọn ló mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ọmọ náà kò ké. Ó kàn ń wo wá lójú, ó sì ń tún un sọ pé, "Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo kà á dáadáa. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

Lèmọ́mù fà á mọ́ra. Wọ́n sọ fún un pé ọmọdé ni, ààwẹ̀ kò tíì di ọ̀ranyàn fún un, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní kí ó tún gbìyànjú lọ́la. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú sí wa, wọn kò sọ ohunkóhun. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju ìbáwí lọ.

ÈÈKÀN

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni a tó jókòó kọ́ ohun tó yẹ kí a ti kọ́ ṣáájú. Ohun tí a rí kọ́ kò ṣòro, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún wa rí ní èdè tó yé wa. Nítorí náà, a fẹ́ sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá.

Ẹ wo ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Ó lè yí po títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, èèkàn kò ní kúrò. Ibi tí ewúrẹ́ náà lè dé, ọwọ́ ibi tí a kan èèkàn sí ló wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nǹkan tí a bá yí lójú ìwé. Kò sí ohun tó ń yí tí kò ní ibì kan tí kì í kúrò. Bí ìwọ kò bá yan ibẹ̀, ẹ̀rọ yóò bá ọ yàn án.

TeX fúnra rẹ̀ kò lè yí nǹkan. Ó ń fi àyè sílẹ̀ ni, èdè mìíràn ni yóò sì yí i nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́. PostScript, tí ilé iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní 1984, jẹ́ ọ̀kan nínú irú èdè bẹ́ẹ̀. Nínú PostScript, igun ìsàlẹ̀ bébà ní apá òsì ni òǹkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ínṣì kan jẹ́ ẹyọ 72, nítorí náà bébà A4 fẹ̀ ní ẹyọ 595, ó sì ga ní 842. Ká ní a fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kan síbi tó jẹ́ 300 sí apá ọ̀tún àti 700 sókè. Bí a bá kàn pàṣẹ pé kí ohun gbogbo yí ní dígírì 90 kí a tó kọ ọ́, igun bébà ni ẹ̀rọ yóò fi ṣe èèkàn. Ọ̀rọ̀ náà yóò fò bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ṣí, yóò balẹ̀ síbi tó jẹ́ 700 sí apá òsì igun náà àti 300 sókè. Kò sí bébà níbẹ̀. Òfìfo ni ojú ìwé yóò jáde. Kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé ìbẹ̀rẹ̀ òǹkà lọ sí ibi tí a fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí, kí a kan èèkàn mọ́bẹ̀, kí a tó wá yí i. Kíkàn ṣáájú, yíyí lẹ́yìn. Ẹni tó bá da àwọn méjèèjì pọ̀ yóò wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì.

Àṣẹ tí LaTeX ń lò ni \rotatebox, tó wà nínú àkójọ àṣẹ tí David Carlisle àti Sebastian Rahtz kọ. Bí a kò bá sọ nǹkan kan fún un, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní apá òsì, lórí ìlà tí lẹ́tà jókòó lé, ni yóò kan èèkàn sí. Bí a bá fi èyí yí ọ̀rọ̀ ní dígírì 180, ọ̀rọ̀ náà yóò rọ̀ sí abẹ́ ìlà bí àdán. Bí a bá fi origin=c sí i, yóò dojú dé, ṣùgbọ́n yóò wà ní ibùjókòó rẹ̀ àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí origin=c fi dára fún ọfà wa. Ọfà inú òbírí, àárín rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kúrò.

Ṣùgbọ́n àkọlé kì í ṣe ọfà. Àkọlé dà bí ẹni tó ń na ìka sí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kúrò lórí òpó tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. A fi èèkàn ọfà so àkọlé mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìka rẹ̀ fi nà sí ilé onílé.

Ìbéèrè méjì ni a rí i pé ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ yí nǹkan lójú ìwé láìjẹ́ kí ó kúrò ní àyè rẹ̀ bi ara rẹ̀. Èkínní, ibo lára nǹkan yìí ni kò gbọdọ̀ kúrò? Èkejì, àyè mélòó ni kí àwọn aládùúgbò rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un? Bí ẹ bá ní òdo ni àyè rẹ̀, yóò lè gun orí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fún un ní gbogbo àyè tó béèrè, yóò lè ti ẹlòmíràn kúrò. Àwa dáhùn ìbéèrè méjèèjì lọ́nà tó rọrùn fún wa, a kò sì ronú kan ẹni tí yóò ka ìwé.

Ẹ̀yin kò ní gbàgbọ́ bí àtúnṣe náà ṣe kéré tó. A yọ origin=c kúrò. A yọ irọ́ òdo tí a pa fún TeX kúrò. A yí dígírì 45 sí 90. Ó parí. Ìdí gbogbo àkọlé jókòó sórí ìlà kan, wọ́n nàró bí òpó mọ́sálásí, wọn kò fì sọ́tùn-ún, wọn kò fì sósì. Àkọlé tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4 tẹ́lẹ̀ wá fẹ̀ ní 0.4 péré, ó sì wọ àárín òpó rẹ̀ nítòótọ́. Ó ga ní 4, ṣùgbọ́n bébà ní àyè ní òró ju ní ìbú lọ. Èèkàn tí ẹ̀rọ ìbá ti kàn fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni èyí tó tọ́ fún iṣẹ́ náà. Àwa la fi ọgbọ́n àpọ̀jù fà á tu.

Owó àpò wa ni a fi tún 300 tẹ̀. Nígbà tí a gbé tuntun dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àdínì, wọ́n dá orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè kà á, wọ́n fa ìka láti orí, wọ́n tún fà á láti ìdí. Ibì kan náà ni ó ń já sí. Wọ́n ní, "Ọrùn á máa ro mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ààwẹ̀ mi ò ní bàjẹ́."

IṢẸ́ ÀWỌN OLÙṢỌ́ ÀKÓKÒ

Ó ti pẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Láyé àtijọ́, àwọn mọ́sálásí ńlá kan ní olùṣọ́ àkókò tí wọ́n ń pè ní muwaqqit. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ìṣirò mọ àkókò ìrun. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, Ibn al-Shatir, tó kú ní 1375, ló wà ní ipò yìí ní Mọ́sálásí àwọn Umayyad ní ìlú Damascus. Ní ìlú kan náà àti ní ìgbà kan náà, al-Khalili ṣe àwọn àtẹ àkókò ìrun àti ti ojú kíbúlà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀, òpó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, nọ́ńbà lórí nọ́ńbà.

Ìṣirò tí wọ́n lò náà ni ẹ̀rọ wa fi yí àkọlé. Sáìnì tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ ní ilé ìwé girama, Lárúbáwá ló gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ jayb ni àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ń lò. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù ń túmọ̀ ìwé wọn sí èdè Látìn, wọ́n pè é ní sinus, ibẹ̀ ni sáìnì ti jáde. Sáìnì yìí àti kósáìnì ni a fi mọ̀ pé àpótí sẹ̀ǹtímítà 4 yóò di 3.1 bí a bá dagun rẹ̀ ní dígírì 45. Òun kan náà ni a fi mọ dígírì 63 tí Èkó yóò yí kí ó tó kọjú sí Mọ́kà. Ó dùn wá pé a ní irú ogún bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tí a sì fi í ṣe iṣẹ́ wàrà-wàrà. Muwaqqit ni wọ́n fi wá ṣe láìpè wá bẹ́ẹ̀. Àwa rò pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lásán ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú yín ló mọ ẹ̀rọ jù wá lọ. Ẹ̀ ń to ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìkésíni sí wọ́líìmọ̀, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Ẹ máa rántí pé ẹwà tí ẹ rí lójú kọ̀ǹpútà, ojú yín ló rí i. Ẹni tí yóò lò ó lè jẹ́ ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ kò mú mọ́, tàbí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó gba ìwé gbọ́ pátápátá. Àmánà ni ojú ìwé jẹ́.

Ẹ̀kọ́ kejì tún kọjá ti ìwé. Ayé ń yí, ó sì ń yí wa. Ilé ìwé á yí ènìyàn, iṣẹ́ á yí i, ìlú òkèèrè á yí i. Kò sí èèwọ̀ nínú pé kí a yí. Ẹni tó ń ṣe Tàwáfù náà ń yí, ẹ̀ẹ̀meje ló ń yí, Kábà sì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ láìkúrò. Ohun tó yẹ kí a bi ara wa ni ohun tí Ìyá Àdínì fi ìka bi wá: níbo ni a kan èèkàn sí?

Láti 2009 títí di òní, a kì í gbé ìwé àkókò lọ sí Ṣómólú mọ́ láìjẹ́ pé àgbàlagbà kan àti ọmọdé kan ti kọ́kọ́ fi ìka tẹ̀lé e lójú wa. A kì í la ẹnu sọ ohunkóhun fún wọn. A kàn ń béèrè pé, "Aago mélòó ni sààrì parí lọ́jọ́ kẹsàn-án? Aago mélòó ni ìṣínu?" A óò wá máa wo ibi tí ìka wọn bá já sí. Ìyá Àdínì ni wọ́n ń ṣe ti àgbàlagbà fún wa títí di 2016 tí wọ́n pa ipò dà. Kí Ọlọ́hun bá wa fi Àlùjánńà kẹ́ wọn. Ọmọ tó mu omi láago mẹ́rin ọjọ́ náà ti di géńdé báyìí. Ó gba gbogbo ààwẹ̀ yòókù dé alẹ́ lọ́dún náà. Síbẹ̀, bí a bá fi ìwé tuntun hàn án, rúlà ló kọ́kọ́ ń mú, kì í gba ẹnu wa gbọ́. A kò bínú sí i.

Kí Ọlọ́hun Ọba gba ìrun àti ààwẹ̀ wa, kí Ó fi orí àṣìṣe wa jìn wá, kí Ó sì fi ẹsẹ̀ wa múlẹ̀ níbi tí kò yẹ kí a ti kúrò. Àmín.